Ta Ló Ń Yá Wa Lówó Nílé Ìwòsàn?

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi àpérò ìlera, nínú ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa

   

Ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera. Nígbà tí àwọn kan nínú yín gbọ́, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní kí ni òṣìṣẹ́ báǹkì mọ̀ nípa ìlera, nígbà tí dókítà wà nínú ẹgbẹ́? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn ni mo bá wá. Ọ̀rọ̀ owó ni. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa owó tó ń kúrò lọ́wọ́ wa, tàbí lọ́wọ́ ẹni tó gbà wá síṣẹ́, ní orúkọ adójútòfò ìlera, tó ń rìn ìrìn àjò gígùn kó tó dé ọwọ́ dókítà tó tọ́jú wa, tí òmíràn kì í sì í dé rárá. Ìdí tí mo fi gbé e wá síwájú yín ni pé ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò wa, èyí tí a máa ń sáré gbé ọmọ lọ ní aago méjì òru, ti ń rọ lọ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó sì ń ṣe é kì í ṣe àìrí aláìsàn.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n fi ọkàn yín balẹ̀. Ẹnu mi kò ní tú àṣírí oníbàárà báǹkì kankan. Dókítà kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa ló pè mí jókòó, tó ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀ fún mi, tó ní kí n bá òun sọ ọ́ fún gbogbo yín. Ó ní kí n má ṣe dárúkọ òun, kí n má sì dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó jẹ òun lówó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni n ó ṣe.

Àjọ ni, ṣùgbọ́n àjọ tó ní ìyàtọ̀ kan

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa mọ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ àjọ níbí. Alájọ ń wá lójoojúmọ́, à ń fún un lówó, ó ń sàmì sí káàdì wa. Nígbà tí oṣù bá parí, ó yọ owó ọjọ́ kan fún wàhálà rẹ̀, ó kó ìyókù fún wa. Adójútòfò ìlera kò jìnnà sí i. Gbogbo wa dá owó jọ. Owó ẹni tí ara rẹ̀ le ń ran ẹni tí ara rẹ̀ kò yá lọ́wọ́. Ó kan ẹnìkan lónìí, ó lè kan ẹlòmíràn lọ́la. Ilé-iṣẹ́ tí à ń pè ní HMO ló dúró bí alájọ. Òun ló ń gba owó, òun ló ń san án fún ilé ìwòsàn, ó sì ń yọ tirẹ̀ níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan ló wà, ìyàtọ̀ yẹn sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí. Nínú àjọ, àwa tí a dá owó la máa lọ gba owó wa. Bí alájọ bá ń fi òní dónìí fi ọ̀la dọ́la, àwa fúnra wa la máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù. Nínú adójútòfò ìlera, àwa ti gba ìtọ́jú, a ti lọ sílé, a ti gbàgbé. Dókítà ló kù tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà alájọ. Nítorí pé kò dùn wá, a kì í mọ̀ pé wọn kò tíì san án.

Fún àǹfààní ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ní káàdì rẹ̀, kí n sọ bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Láti ọdún 1999 ni òfin tó dá NHIS sílẹ̀ ti wà, ṣùgbọ́n oṣù kẹfà ọdún 2005, nígbà ìjọba Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá gba oògùn, wọn yóò san ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oògùn náà. Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun. NHIS di NHIA, òfin náà sì sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Àwọn ìpínlẹ̀ náà dá tiwọn sílẹ̀: Èkó ní Ìlera Èkó, Ògùn ní tirẹ̀, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì náà kò gbẹ́yìn. Àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ní tiwọn ń ra tiwọn lọ́wọ́ HMO tààrà fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn.

Ohun tó dára ni. N kò wá síbí láti bà á jẹ́. Púpọ̀ jù lọ nínú owó tí à ń ná sórí ìlera ní orílẹ̀-èdè yìí ló ṣì ń ti àpò aláìsàn jáde tààrà, gbogbo wa la sì mọ ìdílé tí iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo ti sọ di onígbèsè. Káàdì yẹn lè gba ènìyàn lọ́wọ́ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ó dára ni mo ṣe fẹ́ kí ó ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà méjì tí owó ń gbà dé ọ̀dọ̀ dókítà

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní capitation. Iye kan ni wọ́n ń san lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan tó bá fi orúkọ sílẹ̀ sí ilé ìwòsàn náà lóṣooṣù, yálà ó wá tàbí kò wá. Ibà, ikọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò tíì le, gbogbo irú ìwọ̀nyí wà nínú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ₦750 ni iye náà lábẹ́ ètò ìjọba àpapọ̀. Ní ọdún 2025 ni NHIA gbé e dé ₦1,450.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò náà. Bí ilé ìwòsàn kan bá ní ẹni 600 nínú ìwé rẹ̀, ₦450,000 ló ń wọlé lóṣù nígbà tó wà ní ₦750. Ní ₦1,450, ó di ₦870,000. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra dísù sí jẹnẹrétọ̀ nílé, ẹ̀yin tí ẹ ra oògùn ibà lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ẹ fi owó yẹn san owó oṣù nọ́ọ̀sì mẹ́rin, ti òṣìṣẹ́ láàbù kan, ti agbàlẹ̀ àti ọlọ́dẹ, kí ẹ sì fi ìyókù ra oògùn fún ẹni 600. Ẹ bá mi wo ohun tó máa kù fún dókítà.

Ọ̀nà kejì ni sísan owó lórí iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe. Iṣẹ́ abẹ, ìbímọ tó di ti iṣẹ́ abẹ, àwòrán inú, rírán aláìsàn lọ sọ́dọ̀ dókítà àgbà, owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń san lórí wọn. Ṣùgbọ́n kí dókítà tó ṣe é, ó gbọ́dọ̀ gba kóòdù àṣẹ lọ́dọ̀ HMO. Bí kò bá sí kóòdù, kò sí owó. Ibí yìí ni ẹjọ́ wà.

Alẹ́ Sátidé kan

Dókítà wa sọ ìtàn ọmọdékùnrin ọmọ ọdún 11 kan fún mi. Inú ló ń run ún láti àárọ̀. Ìyá rẹ̀, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan, rò pé ohun tó jẹ ni, ó fún un lóògùn. Nígbà tó fi di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́, ọmọ kò lè dúró ṣánṣán mọ́. Wọ́n gbé e dé. Dókítà tẹ ikùn rẹ̀ lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, ọmọ kígbe. Ó mọ̀ pé apẹ́ńdíìsì ni, ó sì mọ̀ pé bí ó bá bẹ́ sínú, ọ̀rọ̀ á di méjì.

Akọ̀wé pe nọ́ńbà HMO. Orin ni wọ́n ń kọ fún un létí fún ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí ẹnìkan gbé e, ó ní kí wọ́n fi ìwé àyẹ̀wò ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Wọ́n fi ránṣẹ́. Ó ní ẹni tó ń fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ kò sí lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n máa retí. Wọ́n retí. Wọ́n tún pè, ẹlòmíràn gbé e, ó ní kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé látìbẹ̀rẹ̀. Ó ní orúkọ ọmọ náà nínú kọ̀ǹpútà àwọn yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí káàdì, wọ́n fi lẹ́tà kan dín in.

Ìyá ọmọ wá kúnlẹ̀, ó ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sí mi. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó yìí lára owó oṣù mi.”

Dókítà fà á dìde. Ó sọ fún mi pé, “Alukoro, kí ni mo fẹ́ ṣe? Ṣé kí n máa wo ọmọ ọlọ́mọ ni?” Ó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní aago mọ́kànlá kọjá. Ọmọ náà yè, ó ti padà sílé ẹ̀kọ́. Kóòdù dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé.

Nígbà tí wọ́n fi ìwé owó ránṣẹ́ ní ìparí oṣù, HMO kọ ọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ ti wáyé kí àṣẹ tó jáde, nítorí náà iṣẹ́ aláìláṣẹ ni. Dókítà kọ lẹ́tà, ó kọ òmíràn. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún wọ́n san ìdajì. Ó bi mí pé àpẹ̀rẹ̀ wo ni òun fẹ́ fi ìdajì iṣẹ́ abẹ sí.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ wo bí wọ́n ṣe há ọkùnrin yìí mọ́. Abala 20 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì sílẹ̀, ti ìjọba ni o, ti aládàáni ni o. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san ìtanràn ₦100,000 tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n tó tó oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Òfin ní kó tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ní kó tọ́jú rẹ̀. HMO ní kó dúró de kóòdù. Bí ó bá gbọ́ ti ẹnìkan, ó ṣẹ èkejì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, NHIA pàṣẹ pé kóòdù kò gbọdọ̀ pẹ́ ju wákàtí kan lọ. Àṣẹ tó dára ni, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àṣẹ tí ẹnikẹ́ni kò bá bèèrè ìmúṣẹ rẹ̀, bébà lásán ni.

Ọ̀bẹ tó ń gé owó

Kì í ṣe ti kóòdù nìkan. Dókítà wa ní akọ̀wé kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kíkọ ìwé owó ránṣẹ́ sí HMO lọ. HMO tó ń bá a ṣiṣẹ́ ju mẹ́wàá lọ. Ọ̀kan ní fọ́ọ̀mù bébà lòun ń fẹ́, èkejì ní orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀kẹta ní méjèèjì. Iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń san lórí oògùn kan náà kò dọ́gba. Ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́ gba ìwé kò papọ̀. Bí ìwé bá fi ọjọ́ kan pẹ́, wọ́n á ní ọjọ́ ti kọjá.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn tó ń yẹ ìwé wò yóò wá mú ọ̀bẹ. Wọ́n á ní oògùn yìí kò bá àìsàn yìí mu. Wọ́n á ní ọjọ́ mẹ́ta ló yẹ kí aláìsàn lò lórí bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe márùn-ún. Wọ́n á ní aláìsàn kò fọwọ́ sí ìwé. Mo rí ọ̀kan níbi tí wọ́n ti gé owó omi tí wọ́n fà sí aláìsàn lára, tí wọ́n sì san ti abẹ́rẹ́ tí wọ́n gba inú omi náà fún un. Ẹni tó gé e wà ní ọ́fíìsì, kò rí aláìsàn rí.

Nígbà tí owó bá wá dé, ó dé lódindi láìsí àlàyé. Akọ̀wé á bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò, kí ó lè mọ èyí tí wọ́n san, èyí tí wọ́n gé, àti èyí tí wọn kò tíì kàn. Dókítà ní òun lo ọdún mẹ́fà nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn láti kọ́ bí a ṣe ń wo aláìsàn, ṣùgbọ́n ìdajì ọjọ́ òun ló ń lọ sórí bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ owó.

Ojú tí báǹkì fi ń wò ó

Ibí yìí ni mo dé ibi tí mo mọ̀. Bí ènìyàn bá ti ṣiṣẹ́ fún ọ, tí o kò tíì san án, ó ti yá ọ lówó nìyẹn. Kò sí orúkọ mìíràn fún un. Dókítà ra oògùn lónìí pẹ̀lú owó lójú ẹsẹ̀, nítorí àwọn tó ń tà á kì í fẹ́ àwìn mọ́. Ó san owó oṣù ní ìparí oṣù. Ó ra dísù ní alaalẹ́. HMO á san án lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, ìgbà mìíràn mẹ́fà. Láàárín àkókò yẹn, dókítà ló ń yá HMO lówó, ó ń yá ilé-iṣẹ́ tó gbà wá síṣẹ́ lówó, ó sì ń yá èmi àti ẹ̀yin tí a di káàdì mú lówó. Kò gba èlé kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n òun ń san èlé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Báǹkì Àpapọ̀ gbé òdiwọ̀n èlé rẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Oníṣòwò kékeré kò lè rí i yá ní iye yẹn, tirẹ̀ á lé sí i. Ẹ jẹ́ ká fi ìdá 30 ṣàpẹẹrẹ. Bí HMO bá jẹ dókítà ní mílíọ̀nù méjì náírà fún oṣù mẹ́rin, tí òun sì yá mílíọ̀nù méjì ní báǹkì kí iṣẹ́ má bàa dúró, ₦200,000 ni èlé tó máa san. Bí wọ́n bá tún wá gé ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà, ₦200,000 mìíràn ti lọ. Ó tọ́jú wa tán, ó sì fi ₦400,000 lé e fún wa.

Ta ló ń gba ìyà rẹ̀? Ẹ má rò pé dókítà nìkan ni. Aláìsàn olówó ọwọ́ ń san owó tó ga sí i, kí ilé ìwòsàn lè rí nǹkan dí ihò náà. Aláìsàn olónkáàdì ń jókòó pẹ́ lórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń kọ oògùn tó rọjú jù fún un. Nọ́ọ̀sì tí owó oṣù rẹ̀ pẹ́ ń wá ìwé ìrìnnà lọ sí ìlú òyìnbó. Ní tiwa níbí, dókítà wa ti dá iṣẹ́ òru dúró ní ọjọ́ mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀, nítorí kò lè san owó ẹni tó máa ṣọ́ òru. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà nínú ẹgbẹ́ yìí ló jẹ́ pé ilé ìwòsàn yẹn ni wọ́n bí wọn sí. Bí ẹ bá pe nọ́ńbà rẹ̀ ní aago méjì òru ọjọ́ Ẹtì, ọlọ́dẹ ló máa gbé e.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu èkejì

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo bá ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní HMO sọ̀rọ̀, òun náà sì ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ó ní àwọn ilé ìwòsàn kan ń kọ orúkọ ẹni tí kò wá ránṣẹ́. Wọ́n ń sọ ibà lásán di ibà tó wọ ọpọlọ. Ó ní àwọn aláìsàn ń yá ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn ní káàdì, débi pé ọkùnrin kan tí wọ́n ti yọ apẹ́ńdíìsì rẹ̀ tún wá yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó sì ní àwọn ilé-iṣẹ́ tó ra adójútòfò fún òṣìṣẹ́ wọn kì í san owó rẹ̀ bọ́ sí àkókò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ kí owó náà kéré sí i lọ́dọọdún.

Mo gbà fún un. Òótọ́ wà níbẹ̀. Nítorí olè la ṣe ń ti ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tó lè ní kí HMO má yẹ ìwé wò. Ṣùgbọ́n bí a bá tìtorí olè ti ilẹ̀kùn, ó yẹ kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnìkan ní Sátidé. Ẹni tó bá sì fẹ́ gé owó, kó gé e láàárín oṣù kan, kó sọ ìdí rẹ̀, kó san ìyókù. Pípẹ́ owó kì í mú olè. Olóòótọ́ ló máa ń pa, nítorí olè ti fi ti rẹ̀ lé e tẹ́lẹ̀.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

Mi ò fẹ́ kí a pàtẹ́wọ́ kí a sì lọ jẹun láìsí ohun tí a máa ṣe. Gbogbo ẹ̀ka tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ló wà nínú yàrá yìí.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń ra adójútòfò fún òṣìṣẹ́, ẹ san owó náà nígbà tó yẹ. Kí ẹ tó tún ìwé àdéhùn kọ pẹ̀lú HMO, ẹ má bi wọ́n léèrè iye nìkan. Ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó ni ẹ fi ń sanwó fún ilé ìwòsàn? Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn. Lẹ́yìn náà kí ẹ pe ilé ìwòsàn méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ bi wọ́n bóyá òótọ́ ni. Ẹni tó ní owó lọ́wọ́ ni HMO ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, ẹ̀yin sì ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ní káàdì bíi tèmi, ẹ yẹ orúkọ ìyàwó, ọkọ àti ọmọ yín wò lónìí, kì í ṣe ọjọ́ tí inú bá ń run ọmọ. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, ẹ tún un ṣe. Ẹ mọ ohun tí káàdì yín gbà àti ohun tí kò gbà. Ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní káàdì. Bí kóòdù bá pẹ́, ẹ má jókòó ti dókítà kí ẹ máa wò ó lójú. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ pe HMO, nítorí ẹ̀yin ni oníbàárà wọn. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí NHIA tàbí àjọ tó ń rí sí i ní ìpínlẹ̀ yín. Ẹ̀sùn kan lè sọnù, ogún ẹ̀sùn kì í sọnù.

Ẹ̀yin dókítà wa, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ìfẹ́ ni iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn yín tún jẹ́ okòwò. Ẹ má jẹ́ kí HMO kan ṣoṣo ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó ń wọlé fún yín lọ, nítorí ọjọ́ tí kò bá san, gbogbo ilé á dákẹ́. Ẹ fi owó HMO sí àkáǹtì ọ̀tọ̀, kí ẹ lè rí ohun tí wọ́n jẹ yín kedere. Ẹ kọ iye ọjọ́ sínú ìwé àdéhùn. Kí ẹ sì para pọ̀. Bí ẹnìkan bá lọ bèèrè owó, wọ́n á ní kó padà wá lọ́la. Bí ilé ìwòsàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìlú yìí bá jọ kọ lẹ́tà kan, wọ́n á pè yín sípàdé.

Ó ku àwa gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣiṣẹ́ ara wọn: aránṣọ, oníṣòwò, mẹkáníìkì, àgbẹ̀. Wọn kò ní ọ̀gá tó máa ra adójútòfò fún wọn. Ètò ìpínlẹ̀ gbà wọ́n, wọ́n sì lè wọ inú rẹ̀. Mo dábàá pé kí ẹgbẹ́ fi orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí kò ní káàdì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí owó rẹ̀ jẹ́ ara owó ẹgbẹ́ ọdọọdún. Ẹnikẹ́ni kò ní ká má ra aṣọ Ojúde Ọba. A ó rà á, a ó sì wọ̀ ọ́ kí ojú tì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó lè dá owó aṣọ, fìlà, gèlè àti ẹṣin lè dá owó tí kò ní jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan ta ilẹ̀ nítorí iṣẹ́ abẹ.

Mo tún dábàá pé kí a yan ẹni mẹ́ta, ọ̀kan nínú àwọn dókítà, ọ̀kan nínú àwọn agbẹjọ́rò, àti ọ̀kan nínú àwa òṣìṣẹ́ báǹkì, tí yóò máa gba ẹ̀sùn ọmọ ẹgbẹ́ lórí káàdì, tí yóò máa bá wọn kọ lẹ́tà. Kò ná wa lówó. Àkókò díẹ̀ ló ń fẹ́. Mo ti fi orúkọ tèmi sílẹ̀ fún Akọ̀wé Ẹgbẹ́ kí n tó gorí pèpéle yìí.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ilé ìwòsàn ńlá wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Èkó, a sì ń dúpẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Èkó jìn lóru. Ẹni tó sún mọ́ wa ni dókítà tó mọ orúkọ ìyá wa, tó mọ̀ pé bàbá wa kì í gba oògùn kan báyìí, tó ń fi sílípáàsì jáde sí wa lóru. Àwọn àgbà ní ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Ọjọ́ tí àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rí ẹnìkan. Ká má ṣe é bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó ń yá wa lówó láìjẹ́ ká mọ̀.

 Ẹ̀yin àlejò wa, ilé yín kò ní gbóná, ọ̀nà yín kò ní dí. Ọmọ ẹgbẹ́ tí ara rẹ̀ kò yá, Ọlọ́run á wò ó sàn. Dókítà tí wọ́n jẹ lówó, owó rẹ̀ á wọlé. Ogún ọdún ẹgbẹ́ á ṣojú gbogbo wa nínú àlàáfíà.